Oògùn Màmá nínú àpò aláǹkárá: bí a ṣe ń bá òbí àgbàlagbà lóye ohun tí ọsibítù ń sọ

Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì, n kò sì ta oògùn rí. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, ara màmá mi ni mo ti kọ́ ọ: ẹsẹ̀ wọn tó wú títí bàtà kò fi gbà á mọ́, àti àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣubú lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń sá èlùbọ́.

Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà sì tún wà ńbẹ̀. Ọsibítù kan ń fún wọn ní oògùn n'Ìbàdàn. Wọ́n lọ kí àbúrò mi ní Ìkòròdú, wọ́n gbàgbé oògùn sílé, àbúrò mi mú wọn lọ sí ọsibítù tó wà nítòsí rẹ̀, ibẹ̀ náà fún wọn ní oògùn. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ń lo ti ìhín, wọ́n ń lo ti ọ̀hún. Páálí ọ̀kan funfun, ti èkejì jẹ́ búlúù, orúkọ gàdàgbà tó wà lára wọn kò jọra rárá. Dókítà méjì ló fún wọn, oògùn méjì ni lójú wọn. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Òòyì ń kọ́ wọn. Wọ́n ní àgbà ló dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n dìde lórí àpótí ìjókòó, ilẹ̀ ni a ti bá wọn.

Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ náà ní kí n lọ kó gbogbo oògùn tó wà nílé wá. Mo kó o sínú ọ̀rá dúdú. Ó dà á sórí tábìlì, ó mú páálí funfun àti páálí búlúù, ó wá fi bírò tọ́ka sí lẹ́tà wínníwínní tó wà lábẹ́ orúkọ gàdàgbà. Amlodipine. Amlodipine. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà, ilé iṣẹ́ méjì. 10 mg lóòjọ́ ni òpin ìwọ̀n rẹ̀. Màmá ń lo 10 nínú ọ̀kan, wọ́n tún ń lo 10 nínú èkejì.

Màmá mi kì í ṣe òpè o. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi ta èlùbọ́ lọ́jà n'Ìbàdàn. Ẹ ní ẹ fẹ́ kóńgò mẹ́tàdínlógún, ẹ ò tíì pa ẹnu dé tí wọ́n á fi sọ iye owó rẹ̀ àti ṣéńjì yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní January 1955, ọmọ ọdún 12 ni wọ́n, wọ́n ti ń ru igbá tẹ̀ lé ìyá wọn lọ sọ́jà. Àwọn àbúrò wọn ló wọ ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti lé ní 80 ọdún lónìí, pàápàá àwọn obìnrin. Àwọn tó tilẹ̀ kàwé nínú wọn, ojú ti ń ṣe bàìbàì, etí ti ń wúwo. Lẹ́yìn náà a wá fún wọn ní ìwé pélébé tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní kọ, a ní kí wọ́n lọ máa lo oògùn bó ṣe wà níbẹ̀. Nídìí iṣẹ́ tèmi, bí aṣọ kò bá bá oníbàárà mu, a kì í sọ pé ara oníbàárà ló burú. Ẹni tó gé e ni kò wọn ara rẹ̀.

Ẹ kó gbogbo oògùn jáde

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bó bá ṣe pé lónìí ni. Kì í ṣe èyí tó wà lórí tábìlì nìkan. Ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí, ẹ wo inú báàgì ọjà, inú agolo mílíìkì, inú fìríìjì. Ẹ bèèrè àgbo, ẹ bèèrè ìpara, ẹ bèèrè oògùn ojú, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó nínú ọkọ̀. Ẹ má sì bèèrè bí ọlọ́pàá. Bí ẹ bá pariwo pẹ́nrẹ́n, wọ́n á fi ìdajì pamọ́ fún yín. Èmi jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, mo ní kí wọ́n máa ròyìn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi: ta ló fún wọn, kí ló wà fún, ìgbà wo ni wọ́n ń lò ó. Mẹ́rìnlá ni a kà. Méje péré ni wọ́n mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Mẹ́ta ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ síwájú EXP, ìyẹn ọjọ́ tí oògùn kò ṣeé lò mọ́.

Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wá orúkọ wínníwínní yẹn bí ẹni ń wá ojú abẹ́rẹ́. Orúkọ gàdàgbà, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Ti wínníwínní ni orúkọ oògùn fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan, pẹ̀lú iye mg rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń lò ó, àti ẹni tó fún wọn. Bí orúkọ wínníwínní kan bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sáré gbé e lọ bá dókítà tàbí apòògùn. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà sórí fóònù gbogbo ọmọ, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ kọ gan-an sínú báàgì màmá.

Nínú mẹ́rìnlá tiwa, diclofenac wà níbẹ̀. Orúnkún ni màmá ń lò ó sí. Kò sí dókítà kan tó mọ̀, torí pé kò sí ẹni tó bi wọ́n, àwọn náà kò sì ka ohun tí wọ́n rà nínú ọkọ̀ Dùgbẹ̀ sí oògùn ọsibítù. Bẹ́ẹ̀, oògùn ara ríro irú diclofenac àti ibuprofen máa ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ó lè ba kíndìnrín àgbàlagbà jẹ́, ó sì lè dá egbò sí ikùn. A ń fi ọwọ́ ọ̀tún bu omi pa iná, a ń fi ọwọ́ òsì da kẹrosíìnì sí i.

Ohun tí wọ́n kọ sára ńfílóòpù

Àwọn ọmọ kẹ́mísì fẹ́ràn láti máa kọ "1 x 2". Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé kí ẹ lo hóró kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà á sí màmá létí gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i: "Ọ̀kan, méjì." Màmá gbọ́ ọ: ọ̀kan láàárọ̀, méjì lálẹ́. Metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ni oògùn ọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni inú fi ń run wọ́n kí n tó mọ̀ pé hóró mẹ́ta ni wọ́n ń gbé mì lóòjọ́ dípò méjì. Màmá kò ṣàṣìṣe. Ohun tí wọ́n kà fún wọn ni wọ́n ṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń ta oògùn, ẹ ní kó sọ ọ́ lẹ́nu, ní Yorùbá, kó parí ọ̀rọ̀: hóró mélòó, ìgbà wo, ṣáájú oúnjẹ tàbí lẹ́yìn oúnjẹ, títí di ọjọ́ wo. Bí ẹ bá rí "bd", ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni. "tds", ẹ̀ẹ̀mẹta. "nocte", alẹ́. Èdè Látìn ni, àwọn oníṣègùn ló ń fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò yẹ kó bá aláìsàn délé.

Lẹ́yìn náà, ẹ so oògùn mọ́ nǹkan tí òbí yín ń ṣe lójoojúmọ́ láìgbàgbé. Aago 8 kò sọ nǹkan kan fún màmá mi. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìrun àsùbáà ṣeré, wọn kì í sì pàdánù ògì àárọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lẹ́yìn àsùbáà. Metformin tàárọ̀ wà lẹ́yìn ògì, torí kò dáa kó bá inú òfìfo. Ti alẹ́ wà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí wọ́n tó kí ìrun iṣáì.

Mo rán àpò kan fún wọn nínú àjẹkù aláǹkárá. Ó ní ìlà méjì, àpò kéékèèké méje sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo fi òwú ìyẹ́lò kọ oòrùn sórí ìlà òkè, mo fi òwú funfun kọ òṣùpá sórí ti ìsàlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi àti màmá a jókòó, a ó kó oògùn ọ̀sẹ̀ sí i. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi ń gé sáṣẹ́ẹ̀tì, kí hóró kọ̀ọ̀kan lè wà nínú ilé rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bà á jẹ́. Bí ó bá di ọjọ́rú tí mo wo àpò ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀, a ti mọ̀ pé a fo ọjọ́ kan. A kì í lo méjì láti fi dí i. Fún oògùn tó wà nínú ìgò, mo so òwú pupa mọ́ ọrùn ti àárọ̀, mo so dúdú mọ́ ti alẹ́. Ẹni tí kò mọ aṣọ rán lè ra àpótí oògùn oníyàrá méje ní kẹ́mísì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n màmá fẹ́ràn tiwọn torí pé aṣọ ìgbéyàwó mi ni mo gé síbẹ̀.

Orúkọ àìsàn lè ṣi àgbà lọ́nà

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí èyí ló pẹ́ jù kó tó yé mi. Ọdún bíi méjì ni màmá fi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà tó bá wù wọ́n. Mo rò pé orí kunkun ni. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ bi wọ́n, wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi kò ru lónìí. Ta ló bí mi nínú?" Lójú wọn, ẹ̀jẹ̀ máa ń ru bí inú ṣe ń ru, bí odò ṣe ń ru. Ìrònú ló ń fà á, ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn, ó ti bọ́. Bí orí kò bá fọ́ wọn, kí ni wọ́n ń gbé oògùn mì fún?

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló gbé wọn lọ síbẹ̀. Mo mú wọn lọ sẹ́yìnkùlé níbi tí a ti ń fi rọ́bà bomi rin ẹ̀fọ́. Mo ṣí ẹ̀rọ omi gbayawu. Rọ́bà náà le gbagidi lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Màmá, bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí lọ́dún mẹ́wàá ńkọ́?" Wọ́n ní yóò bẹ́ níbi tó ti gbó. Mo ní, "Ṣé yóò ké kó tó bẹ́?" Wọ́n dákẹ́. Mo sọ fún wọn pé ohun tí dókítà ń wọ̀n lápá nìyẹn, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ara iṣan, àti pé oògùn dà bí ọwọ́ tí a fi dín ẹ̀rọ omi kù. Bí a bá gbé ọwọ́ kúrò, omi á padà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń lò ó lójoojúmọ́, kì í ṣe tìtorí pé mo bá wọn jà.

Ìtọ̀ ṣúgà náà ń ṣi wọ́n lọ́nà. Wọn kò fi ṣúgà kan ahọ́n mọ́, tíì kíkorò ni wọ́n ń mu, ṣùgbọ́n àmàlà wọn kún àwo bámúbámú. Ẹ tiẹ̀ rò ó: ẹni tó fi èlùbọ́ tọ́ wa yanjú, èmi ni mo máa wá sọ fún un pé èlùbọ́ ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ṣòro fún mi. Mo gba ojú ọjà bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má jẹ ẹ́, ìwọ̀n ló kù. Òṣùwọ̀n wa ni ìkúùkù ọwọ́ wọn: àmàlà tó tó ìkúùkù kan, ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́. Gaàrí, ìrẹsì, iṣu àti iyán, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Ewúro dára, kí wọ́n máa jẹ ẹ́, kò kàn lè rọ́pò hóró oògùn.

Bí ẹ bá dé iwájú dókítà

Ẹ̀ṣẹ̀ kan tí àwa ọmọ ń dá ni pé a máa ń bá dókítà sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí òbí wa. Màmá á jókòó bí ẹrù láàárín wa. Mo ti ṣíwọ́ rẹ̀. Mo máa ń fi màmá sí iwájú dókítà, kí etí ọ̀tún tó ń gbọ́ràn jù kọjú sí i, èmi á jókòó sẹ́yìn díẹ̀. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, màmá ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Bí kò bá yé wọn, èmi á túmọ̀." Bí dókítà kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ ní kó máa dánu dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ojúure. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn jáde, ó sì wà nínú rẹ̀ pé kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe ní èdè tó yé e. Àwọn tó bá wà nítòsí ọsibítù UCH n'Ìbàdàn níbí, ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn arúgbó wà níbẹ̀ láti 2012, ẹ béèrè rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a máa ń gbé lọ láti ilé, màmá ló sì ń bèèrè wọn fúnra wọn: Kí ló ń ṣe mí gan-an? Kí ni kí n máa ṣe? Bí n kò bá ṣe é ńkọ́?

Bí ẹ bá jáde, ẹ rí i dájú pé ó yé wọn. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?" Àgbà wo ló máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kò yé òun? Ẹ kò sì lè ní kí wọ́n kà á padà bí ọmọ ilé ìwé. Ohun tí èmi máa ń sọ nínú ọkọ̀ ni pé, "Màmá, àbúrò mi máa pè láti Ìkòròdú lálẹ́ yìí, kí lẹ máa sọ fún un pé dókítà wí?" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti kọsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àlàyé wa kò tó, èmi á sì gba ọ̀nà mìíràn sọ ọ́. Mo tún máa ń gba ohùn apòògùn sílẹ̀ lórí fóònù, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, kí màmá lè gbọ́ ọ nílé bó ṣe wù wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà. Lọ́dún kan, wọ́n wọn ṣúgà màmá níbì kan, ó jẹ́ 6.8. Lọ́sẹ̀ kejì, níbòmíràn, wọ́n ní 122. Màmá sunkún délé. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: àìsàn ti fi ìlọ́po mẹ́tàdínlógún lé sí i. Kò sí ohun tó lé. Òṣùwọ̀n méjì ni, mmol/L àti mg/dL, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi kóńgò wọn èlùbọ́ tí ẹlòmíràn ń fi mílíìkì kọ́ọ̀pù wọ̀n ọ́n. Ẹ fi 18 sọ 6.8 di púpọ̀, 122 ni yóò fún yín. Nígbàkígbà tí wọ́n bá kọ iye ṣúgà fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ òṣùwọ̀n tì í, kí wọ́n sì kọ bóyá ó jẹun kó tó wá tàbí kò jẹun. Ti ìfúnpá, ẹ jẹ́ kí òbí yín sinmi ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí apá wà lórí tábìlì, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n wọ̀n kété tí màmá gun àtẹ̀gùn dé kì í ṣe òótọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọn kò ní sọ lójú yín. Màmá máa ń fo oògùn omi wọn, èyí tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀, ní gbogbo ọjọ́ tí òde bá wà. Kò sí ilé ìyàgbẹ́ tó dáa níbi àríyá, ojú sì ń tì wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n sọ fún lọ́jọ́ tí mo lọ sanwó. Dókítà gbà pé ní ọjọ́ òde kí wọ́n lò ó lọ́sàn-án tí wọ́n bá ti dé. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ọdún kan ló fi pamọ́. Ẹ máa fi àyè sílẹ̀ fún òbí yín àti dókítà, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Méjì yìí, ẹ kọ́ gbogbo ilé, tó fi mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan kò ṣeé gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ọsibítù lẹsẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má fún wọn ní ohunkóhun mu, ẹ má dúró de ẹni tó máa gbàdúrà, kó gbà á lójú ọ̀nà. Bí ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà bá ń làágùn tútù, tó ń gbọ̀n, tó ń sọ ìsọkúsọ, ṣúgà ara rẹ̀ ti lè wálẹ̀ jù. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi tí ẹ po ṣúgà sí, lẹ́yìn náà oúnjẹ. Bí kò bá dá èèyàn mọ̀ mọ́, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ. Oògùn irú glibenclamide àti glimepiride ló sábà máa ń fà á tí ènìyàn kò bá jẹun, nítorí náà kí ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ààwẹ̀ tó dé. Àáfà àdúgbò wa ló bá mi sọ fún màmá pé Ọlọ́run ti fún aláìsàn láyè.

Oṣù tó kọjá, a lọ gba oògùn. Ọmọdébìnrin kan ní kẹ́mísì na páálí kan sí màmá, àwọ̀ ewé ni. Màmá kò gbà á. Wọ́n yọ ìwé tiwa nínú báàgì, wọ́n fi ìka sí ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi wò ó. Ṣé òun náà ni èyí, tó kàn pààrọ̀ aṣọ, àbí òmíràn ni?"